Ewé Ẹ̀fọn Kì í Ṣe Tùràrí

Bí ẹ bá fẹ́ kí orí Rúùtù gbóná láàárọ̀ kùtùkùtù, kò la ariwo lọ rárá. Ẹ kàn dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀ ní Akẹ̀sán, ní Ọ̀yọ́, kí ẹ nawọ́ sí àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò sínú àwo fífẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ẹ sì wí pé, "Ìyá Ìmísí, ẹ fún mi ní tùràrí." Ó parí. Ẹ ti ba ọjọ́ jẹ́ fún un.

"Kì í ṣe tùràrí," ni yóò wí. "Ewé ẹ̀fọn ni. Ẹ̀fọn, ẹ̀fọn tó ń jẹ yín lẹ́sẹ̀ yẹn. Ẹ ó tan án, ẹ̀fọn á sá. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Oníbàárà á mi orí, á ní òun ti gbọ́. Á wá sún mọ́ ọn, á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, "Sáàmù wo la máa kà sí i?"

Ọ̀rọ̀ yìí sú Rúùtù. Ó sú u tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé nígbà mìíràn yóò fi aṣọ bo ọjà, yóò kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, yóò máa jẹ ẹ̀pà rẹ̀. Kí ló tilẹ̀ wà nínú ewé ẹ̀fọn tí àwọn èèyàn fi ń ṣe báyìí? Èèpo ọsàn ni, efinrin ni, ewé dóńgóyárò ni, pẹ̀lú ewé tíì tí gbogbo wa ń bù sínú omi gbígbóná mu. Abẹ́ ibòji lẹ́yìnkùlé ló ti ń sá wọn, nítorí bí oòrùn bá pa wọ́n, wọn ò ní ta sánsán mọ́. Bí wọ́n bá gbẹ, á gún wọn, á fi asẹ́ kù wọ́n, á pò wọ́n pọ̀ mọ́ èédú lílọ̀ àti sítáàṣì, á wá fi àtẹ́lẹwọ́ yí wọn lórí pákó títí wọn ó fi gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Apá a máa ro ó. Ẹ̀yìn a máa dùn ún. Níbo ni ẹ̀mí wà nínú èèpo ọsàn?

Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́? Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ rà á, wọ́n gbé e lọ sórí òkè àdúrà, ọ̀kan nínú wọn sì padà wá jẹ́rìí pé ọkọ òun tó ti kó jáde ti padà sílé. Àlàájà Zulaikha tó ń ta ìborùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sun ún sábẹ́ aṣọ kó lè máa ta sánsán, ó sì wá ń binú pé léèsì òun ń rùn bí ewé dóńgóyárò. Àwọn ọkùnrin mìíràn á wá ní bòókẹ́lẹ́, wọ́n á ní ṣé ó lè fa èrò sí ṣọ́ọ̀bù. Mélòó la ó kà nínú eyín Adépèlé?

Ká má purọ́, díẹ̀ nínú ẹ̀bi náà wà lọ́dọ̀ òun fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́ sí i létí. Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ni Rúùtù ń lọ láti kékeré. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni láti máa gún tùràrí, kó sì gbé e yí ilé àdúrà ká kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ṣàkíyèsí pé nígbàkígbà tí òun bá ń gbé àwo náà kiri, ẹ̀fọn kì í sún mọ́ òun. Kọ́ìlì ẹ̀fọn tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í bá àyà rẹ̀ mu. Bí èéfín rẹ̀ bá wọ̀ ọ́ nímú, á máa wúkọ́ di ọjọ́ kejì. Ló bá rò ó nínú ara rẹ̀ pé kí òun fi tùràrí ọlọ́wọ̀ọ́n sílẹ̀, kí òun wá ewé olóòórùn tó wà lẹ́yìnkùlé. Ó dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń rà á nítorí ẹ̀fọn gan-an wà o, wọn a sì máa padà wá rà á.

Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ìmísí, bímọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ọ̀rọ̀ ọjà.

Fọlábí ló fẹ́ Ìmísí. Ó ń tún fóònù ṣe ní Takie, ilé ìyá rẹ̀ ni wọ́n sì jọ ń gbé. Ìyá náà, Àmọ̀kẹ́, díákónẹ́ẹ̀sì ni nínú Ìjọ Onítẹ̀bọmi. Bàbá-bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí àwọn míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà kọ́ ní ìwé, ó sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná ni. Obìnrin dáadáa ni. Kì í ṣépè, kì í ṣòfófó, kì í fi oúnjẹ ṣahun. Ìyẹn gan-an ló ń dun Rúùtù, nítorí èèyàn burúkú rọrùn láti bá jà. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ ìgbéyàwó mọ́, Màmá Fọlábí fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyàwó wa máa wọ bàtà wọ ṣọ́ọ̀ṣì?" Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn Aládùúrà ti Rúùtù máa ń bọ́ bàtà sí, gbogbo ayé ló mọ̀. Rúùtù dáhùn pé yóò wọ bàtà. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń jó o nínú.

Ó di ẹrù rẹ̀, ó kó òrí àti ọṣẹ dúdú, ó kó ewé ẹ̀fọn, ó wọ ọkọ̀, ó di Ògbómọ̀ṣọ́ láti lọ wẹ ọmọ. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kó má bàa sí àṣìpè, wọ́n ń pè é ní Màmá Ọ̀yọ́. Ọmọ náà, Ẹ̀yẹolúwa, rẹwà bí kí ni, ó pupa, irun kún orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Rúùtù gbé e lé àyà, ó gbọ́ nǹkan kan nínú àyà ọmọ náà tó ń dún hìn-ìn, hìn-ìn, bí ẹni tó ń fọn fèrè kékeré níbi tó jìnnà.

"Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe báyìí?" ló bi Ìmísí.

"Láti ìgbà tí a ti kúrò ní ọsibítù, Màámi. Wọ́n fún wa ní oògùn olómi. Nọ́ọ̀sì ní àyà rẹ̀ ò lágbára tó, ká máa ṣọ́ ọ. Ó ní bí mímí bá le sí i, ká tètè gbé e padà wá."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Rúùtù rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà. Màmá Fọlábí ti gbogbo fèrèsé yàrá ọmọ. Ó gbé oògùn ẹ̀fọn alágolo, ó fín in sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀yìn kọ́tíìnì. Ó wá tan kọ́ìlì, ó gbé e sí igun yàrá, ó ní ó dàárọ̀. Ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó ń wúkọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Rúùtù ò sùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ni ó ń wí nínú ara rẹ̀. Àgbà méjì ló sì wà lọ́jà yìí.

Bí wọ́n ti jẹun tán láàárọ̀, ó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Màmá Fọlábí, ẹ má bínú o. Kọ́ìlì yìí ló ń ṣe ọmọ yìí."

"Kọ́ìlì kẹ̀?" Màmá Fọlábí gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. "Ibà ńkọ́, Màmá Ọ̀yọ́? Ṣé ẹ fẹ́ kí ẹ̀fọn fi ibà ṣe é ni? Ọmọ ọwọ́ wo ló fẹ́ bá ibà jà?"

Òótọ́ ni obìnrin yìí sọ. Ìyẹn ló tún jẹ́ kí inú bí Rúùtù sí i. Ó dìde, ó mú ewé ẹ̀fọn jáde láti inú báàgì, ó gbé e lé tábìlì.

"Èyí ò ní kẹ́míkà nínú. Ewé lásán ni. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é."

Màmá Fọlábí mú ọ̀kan, ó gbé e sí imú. "Tùràrí nìyí."

"Kì í ṣe tùràrí."

"Òórùn tùràrí ni mò ń gbọ́."

"Òórùn ọsàn ni, mà. Èèpo ọsàn ló wà níbẹ̀."

"Màmá Ọ̀yọ́, mi ò bá ṣọ́ọ̀ṣì yín jà. Olúkúlùkù ló mọ bí ó ṣe ń bá Olúwa rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n a kì í sun tùràrí nínú ilé yìí. Bàbá wọn tó kọ́ ọ ò sun ún, èmi náà ò ní í bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

Fọlábí tó fẹ́ máa lọ síbi iṣẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ìyá tirẹ̀, ó wo ìyá ìyàwó rẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í fẹ́ ìjà. "Ẹ jẹ́ ká kúkú máa fi àdúrà sí i," ló wí.

Rúùtù yíjú sí i. "Fọlábí, nítorí àdúrà ni ìyá rẹ ò ṣe fẹ́ nǹkan mi. Ìwọ náà tún ń pe àdúrà. Èwo ni ká ṣe báyìí?"

Fọlábí ní òun ti pẹ́, ó sì lọ.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Láàárọ̀, ọ̀rọ̀. Lálẹ́, kọ́ìlì. Ìmísí ló wá ń bẹ ìyá ọkọ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ nídìí ààrò, ó bẹ̀ ẹ́ níbi tó ti ń ṣa ìrẹsì, títí obìnrin náà fi gbà. Ó pe Rúùtù sí pálọ̀, ó ní kó jókòó.

"Mo ti gbọ́," ló wí. "Ẹ tan án lálẹ́ òní ká wò ó. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ sùtánà, mi ò fẹ́ agogo, mi ò fẹ́ sáàmù. Ẹ tan án bí ẹni tan àtùpà, ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ jáde."

"Ohun tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ tí mo ti dé nìyẹn, Màmá Fọlábí. Àtùpà gan-an ni ẹ pè é yẹn."

Inú Rúùtù dùn. Ó wá àwo amọ̀ kékeré kan, ó tò ó. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Màmá Fọlábí gbé àga sí ẹnu ọ̀nà yàrá láti wo bí yóò ti rí. Ìmísí gbé ọmọ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Rúùtù ṣá iná sí ewé ẹ̀fọn méjì, ó fẹ́ ẹ, èéfín dìde, òórùn náà sì kún ibẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má bi mí bó ṣe jẹ́. Òun náà ò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ pẹ́ tí obìnrin yìí ti ń gbé àwo eléèéfín. Ara rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ náà ju orí rẹ̀ lọ. Ó ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Ó ti kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ti gbé àwo náà dé igun yàrá kìíní, ó ti gbé e dé ìkejì, ó sì ti dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kó tó gbọ́ ẹnu ara rẹ̀ tó ń wí pé, "Mímọ́, mímọ́, mímọ́."

Ó dúró. Ó yíjú padà díẹ̀díẹ̀. Màmá Fọlábí ti dìde lórí àga. Ìmísí fi aṣọ ọmọ bojú. A ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń rín, bóyá ẹkún ló ń sun.

"Màmá Ọ̀yọ́," ni Màmá Fọlábí wí.

"Bárakú ni, Màmá Fọlábí. Ẹsẹ̀ mi ni. Mi ò mọ̀ pé mo bọ́ bàtà."

"Ẹnu yín ńkọ́? Ẹ ò mọ̀ pé ẹ là á?"

Màmá Fọlábí gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò já a gbà, ó gbà á jẹ́jẹ́ bí ẹni gba àwo ọbẹ̀ lọ́wọ́ àlejò. Ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, ó da omi sí i. Ó padà wá, ó ti fèrèsé, ó tan kọ́ìlì.

Ìbínú tí Rúùtù bí lálẹ́ ọjọ́ náà kò ní ojú kan. Ó bínú sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bínú sí ẹnu rẹ̀. Ó bínú sí gbogbo àwọn oníbàárà Akẹ̀sán tó ń béèrè sáàmù, àfi bí ẹni pé àwọn ni wọ́n pàdí àpò pọ̀ láti wá dójú tì í ní ilé àna. Ó bínú sí Màmá Fọlábí nítorí kò pariwo. Ọmọ sì ń wúkọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dé tó fẹ́ pa á lẹ́rìn-ín ni pé ní ọjọ́ kejì, Màmá Fọlábí pe àwọn obìnrin kan wá láti ìjọ rẹ̀. Wọ́n wọlé tẹ̀rín-tọ̀yàyà, wọ́n kí ìyá ọmọ, wọ́n kí Rúùtù pé ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Lẹ́yìn náà wọ́n lọ sí yàrá, wọ́n sì gbàdúrà sí àwọn igun tí Rúùtù gbé àwo dé. Igun kìíní, igun kejì, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Wọn ò fo ọ̀kan.

"Ẹ ṣeun o," ni Rúùtù wí fún Màmá Fọlábí nígbà tí wọ́n lọ tán. "A ti gbàdúrà síbẹ̀ ní ti Aládùúrà, a ti gbàdúrà síbẹ̀ ní ti Onítẹ̀bọmi. Ṣé ẹ̀fọn ti wá lọ?"

Ìmísí já a léèékánná ní apá. Rúùtù fọwọ́ ra ojú ibẹ̀. Ó ti pinnu ohun tí yóò ṣe. Bó bá ṣe pé ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí lè fojú ara rẹ̀ rí ọmọ yìí kó sùn nínú yàrá tí kò sí ẹ̀fọn, tí kò sí kọ́ìlì, kí àyà rẹ̀ sì dákẹ́, ta ló tún máa pè é ní tùràrí?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá máa ń ṣe ìpàdé ni àyè yọ. Màmá Fọlábí wé gèlè, ó gbé Bíbélì àti ìwé orin, ó lọ. Fọlábí wà ní Takie. Ìmísí kó aṣọ ọmọ lọ sẹ́yìnkùlé láti fọ̀ ọ́. Oòrùn ti ń wọ̀, ẹ̀fọn àkọ́kọ́ sì ti ń kọrin létí. Rúùtù wọ bàtà rẹ̀ le koko mọ́ ẹsẹ̀. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó ti fèrèsé, ó ti ilẹ̀kùn, kí èéfín náà lè dúró kó ṣiṣẹ́. Ó tan ewé ẹ̀fọn, ó gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé àtùpà kalẹ̀, ó sì gbé ọmọ lé itan, ó jókòó tì í.

Ó ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó rí ẹ̀fọn tó ń fò gbirigbiri lójú fèrèsé tó ń wá ọ̀nà àbájáde, ó rí i tí wọ́n ń já bọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pe Ìmísí kó wá wò ó.

Ọmọ wúkọ́.

"Kọ́ìlì àná ni," ni Rúùtù wí fún un. "Ó ti wọ kọ́tíìnì. Máa wò ó, ewé yìí máa gbá a jáde." Ó na ọwọ́, ó tan ẹyọ kan sí i.

Ọmọ tún wúkọ́, ó pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Rúùtù fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ń kọ orin àwọn ọmọdé fún un. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ náà dáwọ́ dúró. Ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀, ó sì wo ojú ọmọ náà. Ẹnu ọmọ là gbàǹgbà, kò sí ohùn kankan níbẹ̀. Ihò kékeré ń jìn sí i lọ́fun, egungun ìhà rẹ̀ ń wọnú, ó ń jáde, ó ń wọnú. Ètè rẹ̀ ti ń ṣú.

Bí Rúùtù ṣe ṣí ilẹ̀kùn, kò mọ̀. Fàráńdà ló ti bá ara rẹ̀, tó gbé ọmọ dúró ṣánṣán, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, tó ń ké pe Ìmísí. Ìmísí sáré dé pẹ̀lú hóhò ọṣẹ lọ́wọ́. Ó gba ọmọ, ó yí i padà, ó fọwọ́ gbá a lẹ́yìn. Ọmọ náà fa èémí, ó tún fà á, ó wá rí díẹ̀ mí, ó sì sunkún, ẹkún tín-ín-rín tí kò lágbára.

Ìmísí wo ilẹ̀kùn yàrá tó ṣí sílẹ̀, ó rí èéfín tó ń tú jáde. Kò pariwo.

"Màámi, èéfín ni."

"Ewé ni, Ìmísí. Ewé lásán ni, o mọ ohun tó wà níbẹ̀, ìwọ gan-an ti bá mi gún un rí."

"Mo mọ̀ pé ewé ni. Ẹ wo ọmọ mi."

Rúùtù wò ó. Àyà ọmọ náà ṣì ń wọnú. Kò sí kọ́ìlì nínú yàrá náà ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, kò sí oògùn alágolo. Nǹkan tí òun fọwọ́ ara òun yí lórí pákó nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ fún gbogbo ayé pé kì í ṣe tùràrí, kì í ṣe àwúre, kì í ṣe kẹ́míkà, kò sì fìgbà kan jókòó bi ara rẹ̀ pé kí ló wá jẹ́ nínú àyà ọmọ ọwọ́.

Ẹnu ọ̀nà ìta dún. Màmá Fọlábí ló ń bọ̀ láti ìpàdé. Ó gbọ́ òórùn náà kó tó dé fàráńdà, ó hàn lójú rẹ̀. Ó wo Rúùtù, ó wo ọmọ, ó ju Bíbélì àti ìwé orin sórí àga.

"Ẹ yá," ló wí. "Ẹ dá kẹ̀kẹ́ dúró fún mi. Ìmísí, gbé e dúró bẹ́ẹ̀, má gbé e dùbúlẹ̀."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rún mọ́ra lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ dé ọsibítù. Màmá Fọlábí tú gèlè rẹ̀, ó ń fi fẹ́ ọmọ. Rúùtù ń ka mímí ọmọ náà pẹ̀lú mímí tirẹ̀. Bí ti ọmọ bá pẹ́, tirẹ̀ náà á dúró.

Àwọn nọ́ọ̀sì gba ọmọ lọ́wọ́ Ìmísí lójú ẹsẹ̀, wọ́n fi nǹkan bò ó nímú, wọ́n ń fún un ní atẹ́gùn. Wọ́n ní kí àwọn ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ṣe díẹ̀, wọ́n pe Ìmísí kó wá wo ọmọ rẹ̀: egungun ìhà ti dáwọ́ wíwọnú dúró, ètè ti padà pupa, ó ti sùn. Ìmísí jáde wá sọ fún wọn, ó sì jókòó sáàárín wọn. Màmá Fọlábí ní, "Olúwa, a dúpẹ́."

Nọ́ọ̀sì kan jáde, obìnrin kékeré tí ojú rẹ̀ le. "Ẹ kú ìdúró, ẹ̀yin màmá. Ọmọ yín máa dára, ṣùgbọ́n nǹkan kan ló dí i láyà. Kí lẹ sun nínú yàrá rẹ̀ lónìí?"

"Kọ́ìlì ni, mà," ni Ìmísí yára dáhùn. Kò wo ìyá rẹ̀.

Rúùtù yíjú sí Màmá Fọlábí. Ó ń retí kó sọ̀rọ̀. Obìnrin náà mọ̀. Imú rẹ̀ ti sọ fún un láti ẹnu ọ̀nà. Ó mọ̀ pé ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n ń gbé kà á lórí yìí. Màmá Fọlábí tẹ orí ba, ó ń wo gèlè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ó fẹ́ bo àna rẹ̀ láṣìírí. Èyí ni Rúùtù ò lè gbà. Ì bá bú òun. Ì bá pariwo lé òun lórí níwájú gbogbo ọsibítù, kí òun lè rí nǹkan bá a jà lé lórí.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, irọ́ ni ọmọ mi ń pa," ló wí. "Ìtìjú mi ló ń bò. Wọn ò tan kọ́ìlì lónìí. Èmi ni mo tan nǹkan. Èmi ni mo ti fèrèsé, tí mo ti ilẹ̀kùn. Ó wúkọ́, mo tún tan sí i."

"Kí lẹ tan, màmá?"

Ẹnu Rúùtù ti là láti sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́, gbogbo àlàyé náà ti tò sórí ahọ́n rẹ̀, èèpo ọsàn àti efinrin, pé kì í ṣe èyí, kì í ṣe tọ̀hún. Ó gbé e mì.

"Èéfín ni," ló wí. "Mo sun èéfín sí i láyà."

Nọ́ọ̀sì mi orí. Ó ṣàlàyé fún wọn pé àyà ọmọ náà kò ní gba èéfín kankan, pé kí wọ́n ra nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n máa ṣí fèrèsé. Ó ti yí padà láti máa lọ nígbà tí Màmá Fọlábí gbé orí sókè.

"Ẹ dúró ná, nọ́ọ̀sì. Tìrọ̀lẹ́ òní nìkan ni ti àna mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọmọ yìí délé ni èmi ti ń tan tèmi. Ẹ ka tèmi mọ́ ọn."